Ọkọ̀ Tí Ń Fa Ọkọ̀: Ìṣẹ̀dá Ọ̀rọ̀ fún Iṣẹ́ Etí Odò

Ìṣòro àkọ́kọ́ tó ń dojú kọ ẹni tó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe ń fi mọ́tò fa ọkọ̀ ojú omi dé etí odò, tí a ó sọ̀ ọ́ sínú omi, tí a ó sì tún fà á gòkè nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ni pé orúkọ kan náà, ọkọ̀, ni èdè yìí fún ohun tó ń fà àti ohun tí à ń fà. Ní ìlú Kàdúná, níbi tí odò ti la ìlú já, tí Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ sì ń gbọ́ Haúsá láràárọ̀, ìyàtọ̀ náà hàn kedere, nítorí pé jirgin ruwa ni Haúsá ń pe ọkọ̀ ojú omi, jirgin ƙasa ni rélùwéè, jirgin sama ni bàálù, ṣùgbọ́n mota dá dúró ní tirẹ̀. Ọkọ̀ igi tí wọ́n ń gbẹ́, tí wọ́n sì ń fi àjẹ̀ wà, ló ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí mọ́tò tó dé. Nígbà tí mọ́tò dé, ó bá ọ̀rọ̀ odò nílẹ̀, ó sì gbé e wọ̀, títí tí awakọ̀ fi di ẹni tí kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ omi ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27 nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí iṣẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ parí ní 1884, yóò bá ìdákọ̀ró pàdé níbẹ̀, yóò bá iwájú ọkọ̀ àti ìdí ọkọ̀. Àwọn ìwé èdè-ìperí Yorùbá, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìmọ̀, tó jáde ní 1984 àti 1990 kò fọwọ́ kan irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí pé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni wọ́n dá lé. Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ fún ibi tí ọ̀nà ti ń bọ́ sómi.

Ohun onítáyà tí mọ́tò ń fà, tí ọkọ̀ ojú omi ń jókòó lé, ló kọ́kọ́ ń wá orúkọ. Tírélà ìbá yanjú ọ̀ràn náà, àmọ́ ó ti níṣẹ́ mìíràn: lẹ́nu Yorùbá, ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó kọ̀ǹténà ni tírélà, ẹni tó bá sì kọ ọ́ pé tírélà wọ inú odò, ìròyìn jàǹbá ni òǹkàwé yóò kà á sí. Bí a bá ní kẹ̀kẹ́ agbékọ̀, ìwé ìròyìn tí kì í fàmì sí ọ̀rọ̀ yóò sọ ọ́ di àgbékọ́, bí ẹni pé aṣọ ni a fẹ́ fi kọ́ ògiri. Ọ̀rọ̀ tó yẹ jù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù. Kẹ̀kẹ́ arukọ̀ ni kí a máa pè é, nítorí pé bí a bá ti gba rù, àwọn ìbátan rẹ̀ yóò tẹ̀lé e wọlé: ohun tí a bá rù ni à ń sọ̀, sísọ̀ ọkọ̀ sómi sì nìyẹn, ẹni tí kò lè dá ẹrù gbé, a máa ń gbé e rù ú ni, gbígbé ọkọ̀ ru kẹ̀kẹ́ sì nìyẹn, igi gbọọrọ méjì tí wọ́n fi kápẹ́ẹ̀tì bò, tí ikùn ọkọ̀ ń jókòó lé, kí ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe òṣùká?

Lórí òṣùká yìí ni ọ̀pọ̀ wàhálà etí omi wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ èbúté, ìyẹn ojú ọ̀nà kọnkéré tó rọra dà sínú omi, a máa sọ̀ kalẹ̀ ní mítà 12 sí 15 nínú mítà 100, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀yìn rìn lórí rẹ̀ títí tí omi yóò fi bo bí ìdá méjì nínú mẹ́ta òṣùká. Bí kẹ̀kẹ́ bá wọlé jù, ọkọ̀ á léfòó kúrò lórí òṣùká, ìṣàn omi á sì gbá ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, débi pé nígbà tí wọ́n bá fà á jáde, wọ́rọ́ ni yóò jókòó. Bí kò bá wọlé tó, imú ọkọ̀ kò ní dé ibi irin ìkákùn, ìyẹn irin tí a fi ń ká okùn tó ń fa ọkọ̀ gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jókòó wọ́rọ́ kò gbọ́dọ̀ fi agbára tì í: kí ó dá kẹ̀kẹ́ padà sómi títí ọkọ̀ yóò fi léfòó, kí ó tọ́ ọ sáàárín, kí ó tó tún fà á. Àwọn mìíràn a máa fi ẹ́ńjìnnì tì í gun òṣùká, ṣùgbọ́n omi tí abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń tú sẹ́yìn máa ń gbẹ́ kòtò síbi tí kọnkéré parí sí, inú kòtò náà sì ni táyà ẹlòmíràn yóò já sí. Ní etí odò bíi ti Kàdúná, tó ń kún ní àkókò òjò tó sì ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tó jẹ́ ìjìnlẹ̀ lónìí lè di iyanrìn lóṣù mẹ́ta sí i, nítorí náà ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wọn ibẹ̀ kí táyà tó dé e.

Fífẹ̀yìn rìn náà ní tirẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí òkè ìtọ́kọ̀ sọ́tùn-ún, òsì ni ìdí kẹ̀kẹ́ ń gbà, ìdí nìyí tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí fi ń di ìsàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ mú, kí ọwọ́ àti kẹ̀kẹ́ lè jọ máa lọ síbì kan náà. Bí ó bá yí i jù, mọ́tò àti kẹ̀kẹ́ á ṣẹ́po bí ọ̀bẹ tó ń ká sínú èèkù rẹ̀. Ṣíṣẹ́po sì tó fún un lórúkọ, àtúnṣe rẹ̀ kò sì ju kí awakọ̀ lọ síwájú díẹ̀ kí wọ́n tún tò tọ̀ọ̀rọ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò béèrè ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Èdídí ihò tó wà ní ìdí ọkọ̀, bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ nílé, gbígbọ́nmi ni yóò kàn. Bíárìn tí ń mú táyà yí a máa gbóná lójú ọ̀nà jíjìn, bí a bá sì rì í sínú omi tútù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á sì fa omi mu. Ohun tó dára ni kí kẹ̀kẹ́ dúró kí ó tutù kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá tú u yóò rí gíríìsì tó ti di funfun bí ògì, yóò sì ní omi ti wọ bíárìn.