Ẹ̀dínwó àti Owó Bodè

Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde òpin ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù, mo gbéra ní Àkúrẹ́, mo kọjá lára Ọjà Ọba tó wà nítòsí ààfin Déjì, mo wọkọ̀ lọ sí ìlú Òǹdó nítorí àpò gàrí kan ṣoṣo. Mo ti gbọ́ pé iye tí wọ́n ń tà á níbẹ̀ fi ₦2,000 kéré sí ti Àkúrẹ́. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦3,000, owó ẹrù jẹ́ ₦500. Ìyá mi tí mo gbé e wá fún kò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé: "Gàrí lo lọ rà ni, àbí ọkọ̀?"

Ìbéèrè yìí rán mi létí ìtàn ọ̀nà Òǹdó. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà tó yá jù láti Èkó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Wọn a gba owó bodè. Bí aáwọ̀ bá sì dé, wọn a ti ọ̀nà pa. Kí Glover, alákòóso Èkó, tó kúrò nípò ní 1872, ó ti sapá láti ṣí ọ̀nà mìíràn, èyí tó gba orí ọ̀sà àti inú igbó dé Òǹdó. Ọ̀nà yìí jìn ju ti Ìjẹ̀bú lọ. Síbẹ̀, nígbà ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ibẹ̀ ni ìbọn gbà dé ọwọ́ àwọn Èkìtìparapọ̀ láti Èkó.

Ṣé òmùgọ̀ ni ẹni tó fi ọ̀nà kúkúrú sílẹ̀? Rárá o. Ìṣísẹ̀ nìkan kọ́ ló kà. Ó ka owó bodè, ó ka iye ọjọ́ tí ọ̀nà lè fi wà ní títì, ó sì ka ewu tó wà nínú kí ìbọn má dé. Èmi ní tèmi, ẹ̀dínwó nìkan ni mo kà.

Kì í ṣe pé Òǹdó kò yẹ ní lílọ. Nígbà tí mo tún lọ, mo gba owó lọ́wọ́ aládùúgbò méjì, mo ra àpò mẹ́ta. Ẹ̀dínwó di ₦6,000, gbogbo ìnáwó ọ̀nà sì jẹ́ ₦4,500. A jọ pín èrè ₦1,500 tó kù.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ròyìn ẹ̀dínwó fún mi, owó bodè rẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ béèrè.