Ìtàn Òǹtẹ̀ Rọ́bà àti Káàdì Àfọwọ́ṣe

Kí ìwé kíkọ tó dé sáàárín wa, àrokò ni àwọn baba ńlá wa fi ń bá ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀. Owó ẹyọ méjì tí a sín pọ̀, tí a mú kí ojú wọn kọ sí ara wọn, ń wí pé ìfẹ́ wà láàárín ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí. Bí wọ́n bá sì kẹ̀yìn sí ara wọn, ẹni tí ó gbà á ti mọ̀ pé àárín kò gún mọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìyì àrokò, kò ní ṣòro fún un láti mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gé páálí, tí wọ́n ń lẹ léèsì mọ́ ọn, tí wọ́n ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn, tí wọ́n sì ń fi òǹtẹ̀ rọ́bà tẹ òdòdó àti ẹyẹ sí i lójú, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan. Ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí pé ohun èlò tí wọ́n ṣe fún ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò àti tábìlì aláṣẹ ni òǹtẹ̀ rọ́bà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú gidigidi pé àwọn ènìyàn lásán, obìnrin ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, gbà á lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyẹn, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí a fi ń kí ènìyàn.

Ní ọdún 1840 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa á láṣẹ pé kí lẹ́tà tí kò bá wúwo máa lọ sí ibikíbi ní ìlú ọba ní kọ́bọ̀ kan péré, tálákà tí kò lágbára àtifi lẹ́tà ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí ẹbí rẹ̀. Henry Cole, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n bá Rowland Hill, ẹni tí ó dábàá ètò náà, ṣe làálàá lórí rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ tẹ káàdì Kérésìmesì fún títà, ní ọdún 1843, nítorí pé àwọn lẹ́tà tí ó yẹ kí ó fèsì sí ti pọ̀ ju èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká lọ. John Callcott Horsley ni ó ya àwòrán rẹ̀: ìdílé kan ń jẹ, wọ́n ń mu, tàgbà tèwe wọn, àwọn aláàánú sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì tí wọ́n ń fún aláìní lóúnjẹ, tí wọ́n sì ń daṣọ bò ó. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n tẹ̀, ṣílè kan ni wọ́n sì ń ta ẹyọ kọ̀ọ̀kan, owó tí kì í ṣe kékeré lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù ìgbà náà. Àwọn tí ń wàásù lòdì sí ọtí sì bínú gan-an nítorí ọmọdé tí a fi wáìnì sí lẹ́nu nínú àwòrán náà. Káàdì Cole ní ọlá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ráyè ni ó ṣe é fún àwọn tí kò ráyè.

Ẹni tí èmi kà sí ìyá iṣẹ́ yìí ni Esther Howland, ọmọ ìlú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tí a bí ní ọdún 1828, tí bàbá rẹ̀ sì ń ta ìwé àti tákàdá. Ní nǹkan bí ọdún 1847, kété tí ọmọbìnrin yìí parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Mount Holyoke, ẹnìkan tí ó ń bá bàbá rẹ̀ dòwò pọ̀ fi káàdì Valentine kan ránṣẹ́ sí i láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan tí a fi bébà tí a lu ní ihò wẹ́wẹ́ bíi léèsì yí ká. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Ó ti mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun lè ṣe èyí tí yóò dára jù ú lọ, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé kí ó bá òun ra bébà oníléèsì àti àwòrán òdòdó wẹ́wẹ́ láti òkè òkun, ó ṣe bíi méjìlá fún àpẹẹrẹ, ó sì kó wọn lé arákùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìyẹn ń lọ ta ọjà bàbá wọn káàkiri. Ohun tí ó ń retí kò ju pé kí àwọn ènìyàn béèrè èyí tí owó rẹ̀ tó 200 dọ́là. Nígbà tí arákùnrin yìí padà dé, èyí tí wọ́n béèrè ti lé ní 5,000 dọ́là.

Kí ni yóò ṣe? Àjà òkè ilé bàbá rẹ̀ ni ó sọ di ibi iṣẹ́, ó sì kó àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ yí tábìlì gígùn kan ká. Ẹnìkan ń fi àlùmọ́gàjí yọ àwòrán òdòdó àti ti àwọn ọmọ kéékèèké oníyẹ̀ẹ́ kúrò lára bébà tí a tẹ̀ wọ́n sí, ẹlòmíràn ń tò wọ́n, ẹlòmíràn ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, títí káàdì kan yóò fi gba ọwọ́ gbogbo wọn kọjá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrèǹgbè. Howland fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe àwọn tí wọn yóò wò kọ. Bí ènìyàn bá mú ọ̀kan nínú àwọn káàdì náà lọ́wọ́, tí ó sì yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, yóò rí i pé wọ́n fi bébà aláwọ̀ pupa tàbí aró sábẹ́ léèsì funfun kí ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ lè hàn kedere, àti pé wọ́n ká bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìká-lé-ìká sí abẹ́ àwòrán òkè kí ó lè dìde díẹ̀ kúrò lára èyí tí ó wà nísàlẹ̀, tí yóò fi dà bíi pé ìyàrá kékeré kan wà nínú páálí pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn káàdì náà ni lẹ́tà H pupa kékeré máa ń wà, èyí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ tẹ̀, kí ẹni tí ó rà á lè mọ ọwọ́ tí iṣẹ́ náà ti jáde. Nígbà tí ó yá, ó dá ilé iṣẹ́ New England Valentine Company sílẹ̀, ó sì ń darí rẹ̀ títí di nǹkan bí 1881, nígbà tí ó tà á fún George Whitney kí ó lè ráyè tọ́jú bàbá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò le. Káàdì rẹ̀ wọ́n lówó nígbà ayé rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń rà á, nítorí ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tí Howland bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, kò tíì sí òǹtẹ̀ rọ́bà láyé. Títẹ àmì sára nǹkan fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun, nítorí àwọn ará Asante ti ń gé igbá, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọ aró dúdú, tí wọ́n sì ń fi í tẹ àmì sí aṣọ adinkra kí òyìnbó tó mọ ìlú wọn dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ náà tí Bowdich, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, kó kúrò ní Kumasi ní ọdún 1817 wà ní British Museum títí di òní. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, igi àti idẹ ni wọ́n ń gbẹ́. Rọ́bà ìgbà náà kò ṣeé lò rárá, nítorí bí oòrùn bá mú, yóò yọ́, yóò sì máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Bí òtútù bá dé, yóò le, yóò sì máa fọ́. Charles Goodyear, ọmọ bíbí New Haven, ni Ọlọ́run fún ní sùúrù tí ó borí èyí. Ó ti jẹ gbèsè títí wọ́n fi sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, kí ó tó di pé, ní ọdún 1839, ní ìlú Woburn, rọ́bà tí ó pò mọ́ imí ọjọ́ kan ààrò gbígbóná, tí kò yọ́, tí ó sì gan bí awọ. Ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní 1844, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jí i lò pọ̀ ju àwọn tí wọ́n sanwó fún un lọ, nígbà tí ó sì kú ní 1860, gbèsè nǹkan bí 200,000 dọ́là ni ó fi sílẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́.

Àwọn oníṣègùn eyín wà lára àwọn tí wọ́n jẹ àǹfààní ọgbọ́n Goodyear dáadáa, nítorí wọ́n ń fi rọ́bà líle ṣe èrìgì fún eyín àtọwọ́dá, wọ́n sì ní ìkòkò irin kékeré onídèérí dídè tí wọ́n fi ń fi oru omi se é. Inú irú ìkòkò yìí ni a ti bí òǹtẹ̀ rọ́bà. James Woodruff, ará Auburn ní ìpínlẹ̀ New York, rí i ní nǹkan bí 1864 bí àwọn tí ń ṣe ọpọ́n ìfọṣọ ṣe ń fi lẹ́tà rọ́bà tí a lẹ̀ mọ́ igi tẹ orúkọ sára ọpọ́n wọn, ó sì lọ bá ìbátan rẹ̀ kan tí ó jẹ́ oníṣègùn eyín, ó yá ìkòkò rẹ̀. L. F. Witherell, ará Knoxville ní Illinois, wí pé òun ni òun kọ́kọ́ ṣe é, àwọn mìíràn sì tún wà tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ó sì dà bí ẹni pé ọgbọ́n náà bọ́ sí orí púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọn a to lẹ́tà òjé, wọn a tẹ̀ ẹ́ bọ ẹfun tí a pò mọ́ omi, ẹfun yóò le, yóò sì di ihò tí ó ní àwòrán lẹ́tà náà; wọn a wá tẹ rọ́bà tútù tí imí ọjọ́ wà nínú rẹ̀ mọ́ ihò yìí, wọn a dè é pinpin, wọn a sì se é nínú ìkòkò títí yóò fi jinná. Bí ó bá tutù, wọn a ṣí i kúrò, wọn a gé etí rẹ̀, wọn a lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi tí ó ní ibi ìdìmú.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí kàn wá nílé. Lẹ́yìn tí ogun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ja Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè ní 1892 ti ṣí ọ̀nà wọn sílẹ̀, tí àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa rọ́bà sì wá láti Gold Coast ní ìgbà Carter, Gómìnà Èkó, láti kọ́ àwọn ènìyàn wa bí a ti ń dá igi ìrẹ́ lára kí oje rẹ̀ lè ṣàn, gbogbo ènìyàn ni ó ya wọ igbó. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó jáde láti Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n, lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n-ùn lórí ìwọ̀n, ó sì bá èyí tí ń ti Bràsíl wá lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó. Ṣùgbọ́n àṣejù baba àṣetẹ́ ni: wọ́n dá àwọn igi náà lára títí wọ́n fi kú, òwò náà sì rẹ̀yìn kí ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn tó parí. Òǹtẹ̀ ni ó wá padà bọ̀ wá bá wa láti òkè òkun, lọ́wọ́ Ajẹ́lẹ̀, ní kóòtù, ní ilé ìfìwéránṣẹ́, títí ó fi di pé ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ lójú kì í ṣe ìwé mọ́ lójú ẹnikẹ́ni.

Páálí pélébé tí a ń so mọ́ ẹrù, tí àwọn oníkáàdì ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lónìí, ọmọ ọjà ni òun náà. Ní ọdún 1863 ni E. W. Dennison, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tí ó dá sí i, èyí tí kò ju pé ó lẹ bébà róbótó mọ́ etí ihò rẹ̀ lọ, kí okùn má baà fà á ya lójú ọ̀nà. Róbótó yẹn ṣì wà lára rẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní ni àwọn ayàwòrán kọ́kọ́ gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akọ̀wé. Ní Hannover ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1919, Kurt Schwitters fi òǹtẹ̀ ọ́fíìsì tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà, ó sì ya àwòrán láàárín wọn. Ray Johnson ní New York ṣe tirẹ̀ nípa fífi lẹ́tà tí ó kún fún òǹtẹ̀ àti àjákù àwòrán ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ nínú pósítì, Hervé Fischer sì kó òǹtẹ̀ àwọn ayàwòrán jọ sínú ìwé kan ní 1974. Láti ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí ni òǹtẹ̀ ti wọ ilé: ní 1980, ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Rubberstampmadness ni orúkọ rẹ̀, fún àwọn tí wọ́n fẹ́ràn òǹtẹ̀ nìkan, nígbà tí ó di 1988, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì dá Stampin' Up! sílẹ̀, wọ́n sì ń ta òǹtẹ̀ fún àwọn obìnrin tí wọ́n péjọ sí pálọ̀ ara wọn láti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n n ó gbìyànjú láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe káàdì yóò kọ́kọ́ fi fóòmù kékeré pa yíǹkì aláwọ̀ ilẹ̀ mọ́ páálí lára, kí etí rẹ̀ lè ṣú ju àárín lọ. Yóò ya ojú ìwé kan láti inú ìwé àtijọ́, kò ní fi àlùmọ́gàjí gé e, nítorí etí tí a fi ọwọ́ ya rọ̀ lójú. Yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni yóò mú òǹtẹ̀, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ páàdì yíǹkì jẹ́jẹ́, yóò sì gbé e lé páálí ní gbọnrangandan, láìmì í, nítorí bí ọwọ́ bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán ti di méjì. Kí yíǹkì tó gbẹ, yóò bu lẹ́búlẹ́bú kan lé e, yóò gbọn èyí tí kò lẹ̀ dànù, yóò sì fi iná kàn án láti òkèèrè. Lẹ́búlẹ́bú náà yóò yọ́, ìlà àwòrán yóò sì wú sókè, yóò máa dán, débi pé afọ́jú lè fi ìka kà á. Bọ́tìnnì, okùn, àjákù léèsì ìyá àgbà, gbogbo wọn ni wọ́n ní àyè níbẹ̀. Iṣẹ́ tí Howland ń ṣe ní àjà òkè náà ni, òǹtẹ̀ nìkan ni ó kúrò lẹ́yìn káàdì tí ó bọ́ síwájú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe òǹtẹ̀ lẹ́bàá kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wa, tí ẹ ń fi abẹ gbẹ́ orúkọ lọ́yà àti àmì ẹgbẹ́ sára rọ́bà, ọwọ́ yín mọ́ ju ohun tí a ń bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ sí lọ. Ẹ bá wa gbẹ́ àwọn àpẹẹrẹ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ gbẹ́ Olókun, ẹ gbẹ́ Ìbàdàndùn, kí ẹ sì kó wọn síta pẹ̀lú àwọn òǹtẹ̀ yòókù. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, bí ìkómọjáde tàbí ìgbéyàwó bá dé, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín fi ọwọ́ ara wọn tẹ díẹ̀ nínú káàdì tí ẹ óò fi pe ìbátan, kí ẹ sì kọ orúkọ ọmọ tí ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn rẹ̀.