Orúkọ Tí Ó Wà Nínú Ìwé Ogun Louisiana

Ìwé tí akọ̀wé ogun fi ń ka àwọn ọmọ ogun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Orúkọ, ipò, ọjọ́ ìgbàwọlé, bóyá ẹni náà wà níbẹ̀ tàbí kò sí, ó parí. Síbẹ̀, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1861, bí ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ẹrú ní ìlú New Orleans dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun sílẹ̀. Native Guards ni wọ́n ń pè é. Thomas O. Moore, gómìnà Louisiana, gbà wọ́n sínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpínlẹ̀ rẹ̀, ní ìhà Gúúsù tí ó ń jà kí oko ẹrú má baà parẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1862, ìwé fi hàn pé wọ́n ní olóyè 33 àti jagunjagun 731.

Iye yìí ni àwọn kan ń tọ́ka sí lónìí pé aláwọ̀ dúdú jà fún Gúúsù. Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wò ó. Wọn kò rán ẹgbẹ́ yìí lọ sí ojú ogun rárá. Owó ara wọn ni wọ́n fi ra aṣọ ogun. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1862, òfin tuntun ní ọkùnrin funfun nìkan ni ó lè wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Èrèlé, wọ́n tú wọn ká. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Àríwá ń bọ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà, gómìnà kan náà tún pè wọ́n padà! (Ojú kì í ti olóṣèlú.) Àwọn kan nínú wọn sọ fún ọ̀gágun Butler ti Àríwá lẹ́yìn náà pé àwọn kò jẹ́ kọ ìpè ìpínlẹ̀. Kò sí ibi tí akọ̀wé ti ń kọ ẹ̀rù sínú ìwé orúkọ.

Láti ọdún 1903 ni ilé iṣẹ́ ogun Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ìwé Gúúsù kọ sórí káàdì, ẹnì kan, káàdì tirẹ̀. Ohun tí ìwé kò sọ, káàdì kò lè sọ ọ́.

André Cailloux, ẹni tí wọ́n bí ní ẹrú tí ó sì ń ṣiṣẹ́ sìgá wíwé, jẹ́ olóyè nínú ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tí Butler dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ fún Àríwá ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1862, ó wọ̀ ọ́, ó sì di ọ̀gá ọ̀wọ́ kan. Wọ́n pa á ní Port Hudson ní ọjọ́ 27 oṣù Ẹ̀bìbí 1863. Òkú rẹ̀ wà ní pápá títí àwọn ọmọ ogun Gúúsù ibẹ̀ fi túúbá ní oṣù Agẹmọ.