Akíntọ́lá: Ewé Tó Takú

Lọ́jọ́ tí àwa mẹ́rin rin ìrìn àfẹ́ wọ igbó ẹ̀yìn ìlú Òrò, òkúta gé ọ̀kan nínú wa lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ti oko bọ̀ já ewé létí ọ̀nà, wọ́n rún un, wọ́n sì fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ dá. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ ewé yìí?" Wọ́n ní, "Akíntọ́lá ni, ọmọ mi."

Fóònù mi pè é ní Chromolaena odorata. Kò parọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ìyá pè ló gbé ìtàn dání.

Àlejò ni ewé yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti wá, ó sì ti dé Éṣíà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé inú èso igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí, tó fi dé agbègbè Enugu ní nǹkan bí ọdún 1937. Atẹ́gùn ló ń gbé èso rẹ̀ kiri. Ro ó lónìí, yóò tún hù. Dáná sun ún, yóò tún rú.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1962, Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, yọ Olóyè S. L. Akíntọ́lá nípò olórí ìjọba. Akíntọ́lá takú, kò lọ. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nílé aṣòfin, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ìjọba pàjáwìrì. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1963, Akíntọ́lá ti padà sípò. Ewé tí ọkọ́ kò lè lé kúrò lóko wá di "Akíntọ́lá takú". Níbòmíràn, "Awólọ́wọ̀" ni wọ́n ń pè é: ìjà àwọn méjèèjì ò tíì parí nínú igbó.

Ẹ rántí pé Òrò kò sí lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Àríwá ni wọ́n ka ìlú náà mọ́, títí wọ́n fi dá ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Kwara lónìí sílẹ̀ ní 1967. Síbẹ̀, ààlà ìjọba kò dí orúkọ lọ́nà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá tún wọ igbó, ẹ ya fọ́tò ewé, ṣùgbọ́n ẹ bi àgbàlagbà léèrè orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, orúkọ ìlú àti ọjọ́. Fóònù yóò máa rántí Chromolaena. Bí àwa ò bá bèèrè, ta ni yóò rántí Akíntọ́lá?