Àwọn Tí A Fi Idà Lé Lọ́wọ́ ní Ilẹ̀ Dàhọ̀mì

Ẹni tó bá gba etí òkun Kútọnu kọjá lóde òní kò ní ṣàì gbójú sókè wo ère obìnrin jagunjagun kan tí gíga rẹ̀ tó mítà 30, tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀, tí a ń pè ní Dàhọ̀mì tẹ́lẹ̀, ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Oṣù Agẹmọ, ọdún 2022. Bí ó bá sì tún rìn nínú ìlú náà, yóò kan àgọ́ àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi orúkọ Ọba Gézò ti Dàhọ̀mì sọ. Ọmọ Yorùbá tó bá dúró níbẹ̀ kò lè wò wọ́n bí àlejò ṣe ń wo ohun tí kò kàn án, nítorí pé ogun tí Gézò àti Gèlélè ọmọ rẹ̀ tò ni ó dé ẹnu odi Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, tí àwọn Ẹ̀gbá ọmọ Olúmọ sì dá a padà. Ogun Abomey, olú ìlú Dàhọ̀mì, kan náà ni ó sì sọ Kétu, ilé Alákétu, di ahoro ní ọdún 1886, tí wọ́n kó tọkùnrin tobìnrin lọ sí oko ẹrú. Irú ènìyàn wo ni ó ń ṣáájú ogun bẹ́ẹ̀, ta ni ó yàn án, ta ni ó sì kọ́ ọ? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ tọ̀ lẹ́yìn láti ayé àwọn ọba dé ayé tiwa.

Ní Dàhọ̀mì àtijọ́, Gàù ni olórí ogun, Kpòsú sì ni igbákejì rẹ̀. Ọba ni í fi wọ́n joyè, ọba náà ni í sì í rọ̀ wọ́n lóyè. Àwọn obìnrin jagunjagun tí òkìkí wọn kàn káàkiri, inú ààfin ni wọ́n ń gbé, aya ọba ni a kà wọ́n sí, ọkùnrin mìíràn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ wọn. Àwọn òyìnbó tó dé Abomey nígbà náà kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ lásán gun òkìtì ẹ̀gún níwájú ọba, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára wọn, tí wọn kò sì bojú wẹ̀yìn. Kì í ṣe ìfaradà nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ẹni tí wọ́n ń sìn pẹ̀lú. Ọ̀nà mìíràn ni Ọ̀yọ́ gbà. Aláàfin, Ikúbàbáyéyé, ní Ẹ̀ṣọ́ 70, àwọn tí kì í gba ọfà lẹ́yìn bí kò ṣe níwájú gangan, Arẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn; ṣùgbọ́n àṣà kò jẹ́ kí Kakaǹfò bá ọba gbé ìlú kan náà, nítorí àwọn àgbà ti mọ̀ pé àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Síbẹ̀, bí wọ́n ti mú un jìnnà tó, Àfọ̀njá, Kakaǹfò tó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, kẹ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀, Ọ̀yọ́ Ilé kò sì tún bọ̀ sípò mọ́. Àìsàn tí kò lóògùn kan ni èyí: pé ẹni tí a fi idà lé lọ́wọ́ lè yí i sí ọrùn ẹni tó fi lé e lọ́wọ́.

Ní ọdún 1892, ọ̀gágun tí Faransé rán láti bá Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, jà gúnlẹ̀ sí Kútọnu. Alfred-Amédée Dodds ni orúkọ rẹ̀; Saint-Louis ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n bí i sí, ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà àti ti Yúróòpù ló pàdé lára rẹ̀, Saint-Cyr, ilé ẹ̀kọ́ tí Napoleon dá sílẹ̀ ní ọdún 1802 láti máa tọ́ àwọn ọ̀gá ológun Faransé, ni ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ ogun. Mo fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí. Ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí kọ́ ló sọ ibi tí idà rẹ̀ yóò kọjú sí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló sọ ọ́. Béhanzin, ọba tó fi ẹja ekurá ṣe àmì ara rẹ̀, jà títí kí ó tó fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 1894. Wọ́n gbé e lọ sí Martinique, Àlùjíríà ni ó sì kú sí ní 1906. Àwọn ará Kétu tó wà ní ìgbèkùn rí ọ̀nà padà sílé, ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá mìíràn, Faransé, ti jókòó dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá tuntun yìí ti ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú láti ọdún 1857, èyí tí wọ́n ń pè ní Tirailleurs Sénégalais, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yà tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú ọmọ ènìyàn, àwọn Ọ̀họ̀rí, ará ilẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú tó wà láàrin Pobẹ̀ àti Kétu, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì dìde sí Faransé láàrin ọdún 1914 sí 1916. Ọ̀pọ̀ ìdílé mìíràn ru ẹrù wọn, wọ́n kọjá ẹnubodè lọ sí Nàìjíríà, kí ọmọ wọn má baà bá ogun tí kì í ṣe tiwọn lọ. Ìwà akin ni mo ka èyí sí. Nínú àwọn tí wọ́n sì kó lọ, ìwọ̀nba ni àwọn tí Faransé jẹ́ kí wọ́n kọjá ipò sájẹ́ǹtì. A lè fi ẹ̀mí wọn du ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n àṣẹ ni a kò fẹ́ fi lé wọn lọ́wọ́.

Díẹ̀díẹ̀ ni ilẹ̀kùn náà ṣí. Christophe Soglo, ọmọ Abomey tí wọ́n bí ní 1909, wọ iṣẹ́ ológun Faransé ní 1931, ó ja Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì dé Indochina. Ojú ogun ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn ni ó fi gun àkàsọ̀ náà. Alphonse Alley, ọmọ Bassila, wọlé ní 1950, ó sì jà ní Indochina, Morocco àti Àlùjíríà. Ti Mathieu Kérékou, tí wọ́n bí ní 1933 ní Kouarfa ní agbègbè àwọn òkè Atacora, yàtọ̀: ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sójà ni wọ́n mú un lọ, ó lọ sí Kati ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mali lónìí, ó lọ sí Saint-Louis, kí ó tó ré òkun kọjá sí ilẹ̀ Faransé fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá. Ọ̀nà àrékérekè ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sójà yìí, bí mo ti rí i, nítorí pé láti kékeré ni wọ́n ti ń gba ọmọ, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì rọ̀, fèrè ni wọ́n fi ń jí i, èdè Faransé ni ó ń gbọ́ jí, ó sì ń ti ibẹ̀ kọ́ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni bàbá, òun náà ni ìyá. Nígbà tí Faransé wá rí i pé òmìnira ń bọ̀ kánkán, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Fréjus ní 1956 láti yára sọ àwọn ọmọ Áfíríkà di ọ̀gá ológun. Iṣu tí a gbìn sí oko olóko ni àwọn ọ̀gá wọ̀nyí, a sì fẹ́ wà wọ́n lọ sí aba tiwa lóru ọjọ́ kan.

Òru ọjọ́ náà ni 1 Oṣù Ògún, 1960, tí Dàhọ̀mì gba òmìnira. Àwọn tó padà wálé láti wá ṣe olórí ogun ti mọ bí a ṣe ń dojú kọ àwọn ará Vietnam àti àwọn ará Àlùjíríà tó ń jà fún ilẹ̀ wọn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró lẹ́yìn ìjọba tí ará ìlú dìbò yàn, pàápàá nígbà tí ìjọba náà bá ń jà láàrin ara rẹ̀. Ní 28 Oṣù Ọ̀wàrà, 1963, Soglo gba àṣẹ lọ́wọ́ Ààrẹ Hubert Maga. Ó dá a padà fún àwọn olóṣèlú, ó tún gbà á ní 1965. Ní Oṣù Ọ̀pẹ̀ 1967 àwọn ọ̀gá kéékèèké tí Maurice Kouandété ṣáájú lé òun náà, wọ́n fi Alley sórí àga fún oṣù díẹ̀. Émile Derlin Zinsou gorí oyè ní 1968, Kouandété tún yọ ọ́ ní Oṣù Ọ̀pẹ̀ 1969. Ní 26 Oṣù Ọ̀wàrà, 1972, Kérékou gba àṣẹ. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìjà ìran méjì wà nínú rẹ̀, àwọn àgbà tó fi ojú ogun gba oyè àti àwọn ọ̀dọ́ tó ti ilé ẹ̀kọ́ jáde, tí àwọn ọ̀dọ́ gbà pé àwọn mọ̀ ju àwọn àgbà lọ; ìjà àríwá àti gúúsù sì gba àárín méjèèjì kọjá. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Kérékou di àṣẹ mú fún ọdún 17 àti díẹ̀, títí di 1990. Ó kéde ẹ̀kọ́ Marx ní 1974, ó yí orúkọ ilẹ̀ náà padà sí Bẹ̀nẹ̀ ní 1975, àwọn ọmọ ogun àgbàṣe tí Bob Denard kó wá sì kọ lù ú ní pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu ní Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1977, wọn kò rí i mú. Ohun tó ga jù lójú mi nínú ìgbésí ayé rẹ̀ kò sí nínú gbogbo èyí. Ní Oṣù Èrèlé 1990, nígbà tí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè péjọ ní Kútọnu lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, tí wọ́n sì sọ pé àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ sójà yìí, tí wọ́n ti ń kọ́ láti kékeré pé ìbọn ni àṣẹ, gbà, kò sì yin ìbọn kankan. Nígbà tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò 1991, ó lọ sílé. Òfin ńlá tí wọ́n fọwọ́ sí ní 11 Oṣù Ọ̀pẹ̀, 1990 wá sọ pé sójà tó bá fẹ́ du ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá gba ìjọba, kíkọ̀ láti ṣègbọràn sí i jẹ́ ẹ̀tọ́ mímọ́ àti ojúṣe ará ìlú.

Orílẹ̀-èdè náà ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ báyìí. Ilé ẹ̀kọ́ ológun fún àwọn ọmọkùnrin wà ní Bembèrèkè, ti àwọn ọmọbìnrin sì wà ní Natitingou, orúkọ Kérékou ni ó ń jẹ́. Ìdánwò ni àwọn ọmọ fi ń wọ̀ ọ́. Toffo, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Kútọnu, ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun wà, Ouidah ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn sájẹ́ǹtì, Àjàṣẹ́ sì ni àwọn ọ̀gá tó ti dàgbà nínú iṣẹ́ ń padà lọ jókòó sí láti kọ́ bí a ṣe ń darí ogun ńlá. Inú mi dùn pé ọmọ tálákà láti Sábẹ tàbí Kétu lè fi ọpọlọ àti ara líle wọlé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 7 Oṣù Ọ̀pẹ̀, 2025, àwọn sójà kan tún bọ́ sórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Kútọnu pé àwọn ti gba ìjọba. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó dúró ti òfin, pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà, ni ó borí wọn. Bí àṣẹ bá wà lọ́wọ́ mi, ìtàn láti 1963 dé 1972 ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọn yóò máa kà ní Toffo, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ohun tí ìfipágbàjọba kọ̀ọ̀kan gbà lọ́wọ́ ará ìlú, kí ẹnikẹ́ni tó fi ìbọn lé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́.