Ta Ni Báńkì Ń Yá Lówó?

Ọdún 1894 ni wọ́n dá Bank of British West Africa sílẹ̀, Èkó sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Alfred Jones, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ní Liverpool, ni ó wà nídìí rẹ̀. Wọn kò dá a sílẹ̀ nítorí àgbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó owó fàdákà wọlé láti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láti tọ́jú owó ìjọba, àti láti ran àwọn oníṣòwò òyìnbó tí ń ra epo àti ekùrọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ọjọ́ tí báńkì dé sí ọjọ́ tí ojú ọrọ̀ ajé wa là. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Bí àgbẹ̀ kòkó tàbí ìyá aláṣọ bá kó owó lọ, báńkì yóò gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Bí ó bá fẹ́ yá owó, wọn yóò ní kí ó mú ìdógò wá. Kí ni yóò fi dógò? Ilẹ̀ ẹbí ni ó ń dáko sí, ẹnì kan ṣoṣo kò lè tà á, kò sì ní ìwé. Ọkùnrin tí oko kòkó rẹ̀ lọ salalu, lójú báńkì, kò ní nǹkan kan.

Kì í ṣe pé a kò mọ owó yíyá tẹ́lẹ̀. Samuel Johnson mẹ́nu ba èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Bí ogún ènìyàn bá ń dá ṣílè kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tí ó kàn yóò kó ogún ṣílè, ìyẹn pọ́n-ùn kan gbáko, láìsí ìwé; mímọ̀ tí a mọ ara wa ni onídùúró. Àwọn ará wa tí a kó ré òkun gbé e dé Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a pọ́n ọn jù. Àwọn àgbà ní èsúsú kò lérè, iye tí a bá dá ni a ó kó. Ẹni tí bùkátà rẹ̀ ju ti èsúsú lọ a di ìwọ̀fà, tàbí kí ó fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kò sì dín gbèsè kù rárá. Èlé ni ó dúró fún.

Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ fi dùn nígbà tí Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá National Bank of Nigeria sílẹ̀ ní 1933. Ní 1945, Olóyè Okúpè dá Agbonmagbe Bank sílẹ̀, èyí tí ó padà di Wema. Àwọn mìíràn rọ́ tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì wó mọ́ owó olówó. Òfin 1952 wá ní báńkì ọmọ ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní £12,500 lọ́wọ́ kí ó tó gba àṣẹ. Òfin gidi ni, ó ṣọ́ ẹni tí ń fi owó pamọ́. Kò sọ ilẹ̀ ẹbí di ìdógò.

Ní 1977, Central Bank ní kí àwọn báńkì lọ ṣí ẹ̀ka sí ìgbèríko, wọ́n sì lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni òfin lílo ilẹ̀ dé, tí a fi ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ gómìnà tàbí ìjọba ìbílẹ̀ kí a tó fi ilẹ̀ dógò. Ẹ̀ka báńkì ti wà nítòsí oko, alájọ sì ń bá káàdì rẹ̀ kiri láti ìsọ̀ dé ìsọ̀.