Àdánù Aláìlórúkọ: Ta Ló Yẹ Kó Wọn Ẹ̀sítéètì Tuntun Wò ní Abẹ́òkúta?

Láti ìgbà tí Peter Marris ti tẹ ìwé rẹ̀ lórí Ìsàlẹ̀ Èkó àti Sùúrùlérè jáde ní 1961, ọ̀nà kan ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń kọ̀wé lórí ètò ìlú ń gbà ka àdánù tí ilé tuntun ń fà: àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé nìkan là ń kà. Marris tọpa àwọn ìdílé tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún Èkó kọ́, ṣí nípò lábẹ́ ètò 1955, èyí tó mú nǹkan bí 70 éékà láàárín gbùngbùn Èkó. Ó rí i pé òwò wọn dín kù, ẹbí jìnnà síra, owó ọkọ̀ sì gòkè. N kò bá a jiyàn lórí ohun tó rí. Ohun tí mo kọ̀ ni bí a ṣe sọ ìwé rẹ̀ di òṣùwọ̀n fún gbogbo ìlú. Ní Abẹ́òkúta, etí ìlú àti orí oko ni púpọ̀ nínú ẹ̀sítéètì ń bọ́ sí. Ó lè má sí ilé kan ṣoṣo tí wọn yóò wó. Bí a bá fi òṣùwọ̀n Marris wọ̀n wọ́n, a ó ní wọn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Irọ́ gbáà ni.

Mo fẹ́ pààlà sáàárín àdánù méjì. Àdánù olórúkọ ni èyí tí a lè tọ́ka sí ẹni tó jẹ ẹ́: ó ní ìwé ilẹ̀, ó ní sọ́fè, ó lè gba lọ́yà. Àdánù aláìlórúkọ ni èyí tó fọ́n ká sára ọ̀pọ̀ èèyàn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ní ìwé kan lọ́wọ́ tí yóò fi bèèrè ẹ̀tọ́.

Ẹ wo abala 29 nínú Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀, owó gbà-má-bínú tó wà níbẹ̀ dá lórí ilé, ohun ọ̀gbìn àti àtúnṣe tí ẹni tó ni ilẹ̀ ti ṣe sí i. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kò ju owó ilẹ̀ tó san lọ́dún yẹn lọ. Abala 47 sì dí ilé-ẹjọ́ lọ́nà láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fi ìbínú kọ̀wé lórí abala méjèèjì, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n inú àdánù olórúkọ ni gbogbo ìjà yẹn mọ sí. Onílé ń bínú pé owó òun kéré. Ayálégbé tó ti ń gbé yàrá kan bọ̀ láti ọdún pípẹ́ kò sí nínú abala 29 rárá. Ìyá tó ń ta ata lábẹ́ agbòòrùn kò sí níbẹ̀.

Omi ló fi ọ̀rọ̀ náà hàn jù. Ìlú àpáta ni Abẹ́òkúta. Òjò tó bá rọ̀ sórí àpáta kì í rí ibi rì sí. Ilẹ̀ tó wà láàárín àpáta, níbi tí koríko àti igi wà, ló ń bá wa fa omi náà mu. Ẹ fi páànù, kọnkéré àti íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ yẹn, omi á sáré wọ gọ́tà tí a kò gbẹ́ fún irú rẹ̀. Ẹni tó bá dúró nítòsí ọjà Kuto lẹ́yìn òjò ńlá yóò rí yanrìn pupa àti ọ̀rá tó ti dí ojú gọ́tà. Kò sí oníṣòwò kankan níbẹ̀ tó lè sọ pé láti orí ilẹ̀ báyìí ni yanrìn yìí ti wá. Ní July 2018, àgbàrá òjò pa èèyàn ní Abẹ́òkúta, odò Sokori sì kún kọjá bèbè rẹ̀. N kò sọ pé ẹ̀sítéètì ló fà á. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi àti ìdọ̀tí tí a ń dà sí gọ́tà ní ẹ̀bi tiwọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí àdánù bá wá láti ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òfin wa kì í rí ẹni tó dá a, kì í sì í rí ẹni tó jẹ ẹ́.

Àdánù aláìlórúkọ tún máa ń pẹ́ kó tó dé. Agbáṣẹ́ṣe á ti ta plọ́ọ̀tì tán, á ti bá tirẹ̀ lọ. Gọ́tà ló kù nílẹ̀. Ta ni yóò kó o? Àfikún Kẹrin nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 ka gọ́tà, òpópónà, ọjà, gáréèjì àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Káńsù, nígbà náà, ni ajogún gbogbo àdánù tí kò lórúkọ.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ mú ẹ̀rí kan wá tí a kì í sábà kà sí. Ní 1992, ìjọba ológun kan náà ṣe òfin méjì. Dẹ́kíríì 88, lórí ètò ìlú, ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbígbé sórí ilẹ̀ tó ju hẹ́kítà 2 lọ mú ìwé àyẹ̀wò ipa lórí àyíká wá. Dẹ́kíríì 86, lórí àyẹ̀wò ipa náà gan-an, fi ilé gbígbé sínú àkójọ ọ̀ranyàn rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá tó hẹ́kítà 50. Bí a bá yọ ìdá mẹ́ta kan sílẹ̀ fún títì, tí a sì fi plọ́ọ̀tì 60 × 120 ẹsẹ̀ bàtà díwọ̀n, hẹ́kítà 2 jẹ́ nǹkan bí 20 plọ́ọ̀tì, hẹ́kítà 50 sì tó 500. Ìjọba Ìbílẹ̀ Gúúsù Abẹ́òkúta, tí Kuto wà nínú rẹ̀, kò ju kìlómítà 71 níbùú lóòró lọ, èèyàn 250,278 ni ìkànìyàn 2006 sì kà níbẹ̀. Mélòó ni ẹ̀sítéètì tó lè tó hẹ́kítà 50 nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀? Agbáṣẹ́ṣe tó ní hẹ́kítà 49, tàbí tó pín ọgọ́rùn-ún sí ọ̀nà mẹ́ta, ti bọ́ nínú àkójọ ọ̀ranyàn. Lóòótọ́, Dẹ́kíríì 86 tún ní kí a yẹ iṣẹ́ èyíkéyìí tó lè pa àyíká lára gidigidi wò, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ pé ó lè pa á lára, bí kò bá sí ẹni tó lórúkọ láti sọ ọ́?

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pé káńsù kò lágbára ní ìgboro: ọwọ́ gómìnà ni abala 2 Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìgboro sí, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ ní 2003 pé ti ìpínlẹ̀ ni ètò ìlú. Àsọkù ni. Agbára láti fúnni ní ilẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tí ilẹ̀ náà yóò ná ìlú. Ibi tí ìdájọ́ 2003 wá fi Dẹ́kíríì 88 sí gan-an, àròkọ mìíràn ni yóò gbà. Lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ kan náà ní July 11, 2024, tó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, káńsù tó bá ní òun kò lówó àyẹ̀wò ní láti wá àwáwí mìíràn.

Èrè ń bẹ, n kò sẹ́. Láti 2021 tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó lè máa sùn níbí. Ìlú nílò ilé. Bíríkìlà rí iṣẹ́, káńsù náà lè rí owó orí ilé gbà.

Ṣùgbọ́n èrè kì í ṣòro kà, nítorí gbogbo rẹ̀ ló lórúkọ. Ìdájọ́ mi nìyí: kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn fi í sínú òfin pé ẹ̀sítéètì kankan tó bá ju hẹ́kítà 2 lọ kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ láìjẹ́ pé káńsù ti jókòó lé e lórí ní gbangba, pẹ̀lú ayálégbé, oníṣòwò àti àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ odò. Bí káńsù bá sì ní rárá, kí rárá náà jẹ́ rárá.